Òṣìṣẹ́ ààbò kú sẹ́nu iṣẹ́ ìjọba: owó wo ló tọ́ sí opó àtàwọn ọmọ, ta ni wọn yóò sì lọ bá?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣìṣẹ́ ààbò ìjọba àpapọ̀ ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, àwọn agbébọn dá ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe pàtírò lọ́nà láàárín Òmù-Àrán àti Èrúkù, ó sì bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la sin ín sí Ìlọrin, torí mùsùlùmí ni. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ mú owó ìsìnkú wá, wọ́n ní ká máa retí ìyókù. Ọmọ mẹ́ta ló fi sílẹ̀, àbíkẹ́yìn kò tíì pé ọdún méjì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló kọ sílẹ̀ bí next of kin nígbà tí wọ́n gbà á síṣẹ́ ní 2012, kò tíì gbéyàwó nígbà náà. Owó oṣù rẹ̀ tó ₦150,000. Kí ló tọ́ sí wọn? Ṣé ká ṣáà máa dúró ni?"

Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run yóò tu ẹ̀gbọ́n yín nínú, yóò sì bá wa wo àwọn ọmọ náà.

Ẹ má dúró. Owó ìsìnkú tí wọ́n mú wá yẹn, ìrànlọ́wọ́ ni. Kò sí lára owó tí mo fẹ́ sọ yìí. Mẹ́ta ni owó tí òfin là sílẹ̀ fún irú ikú báyìí, ọwọ́ ilé iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì wà: owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ NSITF (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó òṣìṣẹ́ tó fara pa tàbí tó kú sẹ́nu iṣẹ́), owó ìbánigbófò ẹ̀mí lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò, àti owó tó wà nínú àkántì ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ́wọ́ PFA (ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́). Gbígba ọ̀kan kò ní kí ẹ má gba ìyókù. Àmọ́ kò sí ìkankan nínú wọn tó máa wá opó wálé. Ẹni tó bá béèrè, tó kó ìwé tó pé sílẹ̀, òun ni wọ́n ń san án fún. Ọ̀kan nínú wọn tún ní gbèdéke ọdún kan, oṣù mẹ́rin sì ti lọ nínú tiyín.

Èyí tó ní gbèdéke náà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Òfin Employees' Compensation Act ti ọdún 2010 ló gbé e kalẹ̀. Òfin yìí ní kí agbanisíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìbáà jẹ́ ìjọba tàbí aládàáni, máa san ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò kan tí NSITF ń bójú tó. Wọn kì í yọ kọ́bọ̀ nínú owó òṣìṣẹ́ fún un, ìdí nìyẹn tí kì í fi í hàn lórí ìwé owó oṣù, tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fi ń ṣiṣẹ́ títí tí wọn ò mọ̀ pé ó wà, tí ìyàwó wọn kò sì mọ̀. Àwọn ológun nìkan ni òfin náà yọ sílẹ̀. Sífú Dìfẹ́ńsì, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, wọ́dà, panápaná, nọ́ọ̀sì tó kó àrùn lára aláìsàn, gbogbo wọn ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tó ń san nìyí. Bí òṣìṣẹ́ bá fi ìyàwó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, tó sì jẹ́ pé òun ni gbogbo wọn ń wò lójú, wọn yóò máa gba ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó ń gbà lọ́jọ́ tó kú, lóṣooṣù. Ìyàwó àti ọmọ kan, ìdá 85. Ìyàwó tí kò ní ọmọ, tó ti pé ẹni 50 ọdún tàbí tí àìlera kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́, ìdá 60. Ipò àkọ́kọ́ ni ẹ̀gbọ́n yín wà. Nínú ₦150,000, ₦135,000 ni lóṣù kan. Ti àwọn ọmọ ń lọ títí tí wọn yóò fi pé ọdún 21 tàbí tí wọn yóò fi parí yunifásítì, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹ wo ọmọ tí kò tíì pé méjì yẹn, kẹ́ ẹ wo iye ọdún tó ṣì wà níwájú rẹ̀. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyí: owó oúnjẹ àti owó ilé ìwé ni, kì í ṣe owó ẹ̀ẹ̀kan.

Bí gbèdéke náà ṣe rí: láàárín ọjọ́ 14 ló yẹ kí mọ̀lẹ́bí fi ikú náà tó ibi iṣẹ́ létí. Èyí kò lè jẹ́ ìṣòro tiyín, torí àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ ló gbé ìròyìn wá, ibi iṣẹ́ sì ti mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi ìjàǹbá tó NSITF létí, bó bá sì jẹ́ ikú, lójú ẹsẹ̀ ni. Fọ́ọ̀mù tí opó yóò fi béèrè owó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ NSITF kí ọdún kan tó pé láti ọjọ́ ikú. Òfin fàyè gba kí wọ́n sún un títí dé ọdún mẹ́ta bí ìdí pàtàkì bá wà, ṣùgbọ́n àwọn ni wọn yóò pinnu bóyá ìdí yín tó ìdí. Ẹ má fi ti àwọn ọmọ dán an wò.

NSITF ní ọ́fíìsì ní Ìlọrin. Kí ẹ̀gbọ́n yín lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ bá a lọ, kó ní òun fẹ́ fi ikú òṣìṣẹ́ sùn, òun sì fẹ́ béèrè owó àwọn tó gbójú lé e. Wọn yóò fún un ní fọ́ọ̀mù. Apá kan wà tí opó yóò kọ, apá kan wà tí ibi iṣẹ́ yóò kọ, tí wọn yóò lu òǹtẹ̀ sí. Ìwé tí wọn yóò béèrè ni ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀, ìwé owó oṣù tó gbà kẹ́yìn, ìwé ẹ̀rí ikú, ìwé dókítà tó sọ ohun tó pa á, ìròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ láti ibi iṣẹ́, ìwé ọlọ́pàá, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìbí àwọn ọmọ, nọ́ńbà NIN àti àkántì báǹkì opó. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́rin-mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, torí ìwé kan náà ni ẹ ó gbé dé ibi mẹ́ta. Ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín tí wọ́n lu òǹtẹ̀ "received" sí, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó gbà á. Bí ibi iṣẹ́ bá ń fi apá tiwọn falẹ̀, ẹ má jẹ́ kí tiyín dúró dè wọ́n. Ẹ kọ lẹ́tà sí NSITF pé ẹ ti gbé e fún wọn lọ́jọ́ báyìí, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ ibi iṣẹ́ mọ́ ọn. Bí ẹnì kan bá sì ní ibi iṣẹ́ náà kò tíì san ìdá 1 tirẹ̀ fún ọdún yìí, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì nìyẹn. Ẹ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ kí ọjọ́ tó kọjá.

Ìwé kan wà nínú gbogbo èyí tó ń gbé fáìlì dìde tàbí tó ń rì í: ìròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ tí ọ̀gá ẹ̀ka rẹ̀ kọ. Ẹ béèrè ẹ̀dà rẹ̀, kẹ́ ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó tó kúrò ní Ìlọrin. Ó gbọ́dọ̀ dárúkọ ọjọ́ àti aago, ibi tí wọ́n rán an lọ, ọ̀gá tó rán an, nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀, kó sì sọ ọ́ gbangba pé ẹnu iṣẹ́ ló wà nígbà tí ọta ìbọn bà á. Bí wọ́n bá kàn kọ ọ́ pé "ó kú nínú ìkọlù kan lójú ọ̀nà Èrúkù", ẹni tó jókòó sí Àbújá tó ń ka fáìlì kò ní mọ̀ bóyá iṣẹ́ ni wọ́n rán an ni, àbí ó ń lọ kí àna rẹ̀. Á kọ ìbéèrè sí etí ìwé náà, fáìlì á padà sí Ìlọrin, oṣù mẹ́ta mìíràn á lọ. Bí ìròyìn náà bá kù díẹ̀ káàtó, ẹ béèrè ẹ̀dà ojú ewé ìwé tí wọ́n fi ń pín iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, níbi tí orúkọ rẹ̀ wà, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ búra ní kóòtù, kó sọ ohun tó rí. Kódà ẹni tó kú lójú ọ̀nà láti ilé sí ibi iṣẹ́, tàbí nígbà tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ wálé, òfin yìí ka òun náà mọ́ ẹni tó kú sẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ ìwé ló gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà lẹ sin ín. Bí ó ṣe yẹ kó rí ní Ìlọrin nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè dá yín lẹ́bi. Ibi tó ti ń di wàhálà ni kí òkú kúrò ní ọsibítù kí dókítà tó kọ ohun tó pa á, tàbí kí wọ́n gbé e láti ojú ọ̀nà lọ sí ilé tààrà. Bí dókítà kankan bá rí i, ní Òmù-Àrán tàbí ní Ìlọrin, orúkọ olóògbé wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ọsibítù náà. Ẹ padà lọ, kí wọ́n kọ ìwé ohun tó fa ikú fún yín láti inú àkọsílẹ̀ yẹn. Bí kò bá sí dókítà kankan tó rí i, ìwé ọlọ́pàá láti àgọ́ tó gba ìròyìn ìkọlù náà ni yóò dúró dípò rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìbúra ẹni tó wẹ òkú àti ẹni tó sin ín. Pẹ̀lú ìwé wọ̀nyí ni ẹ ó lọ bá àjọ ètò ìkànìyàn, NPC, ní ọ́fíìsì wọn tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n fún yín ní ìwé ẹ̀rí ikú. Ìwé ẹ̀rí ikú tí NPC fún yín ni PFA àti adójútòfò ń gbà. Ti ọsibítù nìkan kò tó. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí tó ní òṣìṣẹ́ ààbò nílé, kó fi sọ́kàn pé ìwé dókítà kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kò sì ní dí ìsìnkú lọ́wọ́.

Owó kejì, owó ìbánigbófò ẹ̀mí. Òfin ìfẹ̀yìntì, Pension Reform Act ti 2014, ló pa á láṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ ra ìbánigbófò fún ẹ̀mí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, iye rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín sí ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tó ń gbà lọ́dún. Ti olóògbé: ₦150,000 lọ́nà méjìlá jẹ́ ₦1,800,000, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ ₦5,400,000. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń san án. Kò béèrè bóyá ẹnu iṣẹ́ ni èèyàn kú sí tàbí orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba nígbà tó kú, ó tọ́ sí i.

Ibi iṣẹ́ ló ń gbé ìbéèrè yìí lọ fún adójútòfò, mọ̀lẹ́bí kì í lọ tààrà. Ẹ béèrè fún òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánigbófò ní ẹ̀ka ètò òṣìṣẹ́, kẹ́ ẹ sì bi í ní ìbéèrè méjì: ilé iṣẹ́ adójútòfò wo ló gba ti ọdún tí olóògbé kú? Ọjọ́ wo lẹ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn? Ìbéèrè àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì, torí ìjọba lè pààrọ̀ adójútòfò láti ọdún dé ọdún, fáìlì tí wọ́n bá gbé lọ fún ilé iṣẹ́ tí kì í ṣe ti ọdún yẹn á kàn jókòó síbẹ̀ ni. Wọ́n lè sọ fún yín pé ìjọba kò tíì san owó ìbánigbófò ọdún yẹn nígbà tó kú. Òfin 2014 kan náà ti dá wọn lóhùn: bí agbanisíṣẹ́ bá kọ̀ tàbí tó gbàgbé láti san án nígbà tó yẹ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá ọ̀nà san owó òṣìṣẹ́ tó bá kú ní àkókò yẹn. Ẹ fi gbólóhùn yìí sínú lẹ́tà yín, ẹ má sọ ọ́ lẹ́nu lásán.

Ọlọ́pàá tún ní ètò ìrànlọ́wọ́ mìíràn lọ́dọ̀ tiwọn tí wọ́n fi orúkọ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pè, èyí tí wọ́n ń fi sọ̀wédowó rẹ̀ lé mọ̀lẹ́bí lọ́wọ́ ní orílé-iṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀. Ìyẹn kò rọ́pò ìbánigbófò ẹ̀mí yìí.

Owó kẹta wà nínú RSA, àkántì ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń dá owó sí lóṣooṣù: ìdá 8 láti inú owó òṣìṣẹ́, ìdá 10 láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Ẹ wá nọ́ńbà PIN rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN. Ó wà nínú ìwé tí PFA ń fi ránṣẹ́ tàbí nínú íméèlì rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ọ́fíìsì PenCom (àjọ tó ń ṣàkóso ètò ìfẹ̀yìntì) tó ń bójú tó ẹkùn wa wà ní Ìlọrin, wọ́n lè bá yín wá PFA rẹ̀ jáde. Ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ṣáájú ètò tuntun ọdún 2004 tún ní owó iṣẹ́ àtijọ́ tí ìjọba jẹ ẹ́. Ti olóògbé yín kò kan èyí, nígbà tó jẹ́ pé 2012 ló wọṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ next of kin wá dé, ó sì ń da ọ̀pọ̀ ilé rú. Orúkọ ẹ̀gbọ́n olóògbé tó wà nínú fọ́ọ̀mù 2012 kò sọ ọ́ di ẹni tó jogún. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó NSITF, ẹni tó gbójú lé olóògbé ni òfin wò, ìyẹn ìyàwó àtàwọn ọmọ. Kò béèrè next of kin. Owó RSA, òfin 2014 to ẹsẹ̀ rẹ̀: ẹni tí olóògbé kọ sínú ìwé ìhágún, tàbí ìyàwó àtàwọn ọmọ, ìgbà tí kò bá sí wọn ló ń kan next of kin, bí kò bá sí òun náà, ẹni tí kóòtù bá yàn. Owó ìbánigbófò ẹ̀mí nìkan ni orúkọ tó wà lákọsílẹ̀ ti lè mú ẹ̀gbọ́n yẹn wọlé, torí ẹni tí olóògbé dárúkọ pé kó gbà á ni wọ́n ń san án fún. Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ẹ lọ bá ẹ̀gbọ́n olóògbé náà nílé pẹ̀lú àgbà kan láti ọ̀dọ̀ yín àti àgbà kan láti ọ̀dọ̀ wọn, kó fọwọ́ sí ìwé ìbúra ní kóòtù pé òun mọ ìyàwó àtàwọn ọmọ náà, owó èyíkéyìí tó bá sì gba ọwọ́ òun wọlé, tiwọn ni òun gbà á fún. Ọ̀pọ̀ ẹ̀gbọ́n ló máa ń gbà bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá tètè fi ọ̀wọ̀ bá wọn sọ ọ́. Ẹ̀yìn tí sọ̀wédowó bá ti jáde ni ọ̀rọ̀ ń le.

Bí ẹ bá fẹ́ pín in ní ìlànà mùsùlùmí, ìyàwó ní ìdá kan nínú mẹ́jọ nígbà tí ọmọ wà. Ìyá àti bàbá olóògbé, bí wọ́n bá wà láyé, ìdá kan nínú mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ ló ni èyí tó kù, tí ọmọkùnrin bá wà nínú wọn. Kóòtù ìbílẹ̀ ní Ìlọrin ń ṣe èyí lójoojúmọ́. Àmọ́ ohun tí mo rò ni pé kí wọ́n má gbé owó oṣooṣù NSITF dé iwájú àlùfáà tàbí kóòtù fún pípín rárá. Olóògbé kò ní owó yẹn láyé rẹ̀. Ìtọ́jú tí òfin fún àwọn tó kù ni.

Ó ṣeé ṣe kí PFA béèrè ìwé àṣẹ àbójútó ogún, èyí tí wọ́n ń pè ní letter of administration, láti ọ́fíìsì probate ní ilé ẹjọ́ gíga Ìlọrin. Ó ń gba àkókò, ó sì ń ná èèyàn lówó, torí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ ní báyìí dípò ìgbà tí PFA bá béèrè. Nítorí pé ọmọdé wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ fi èèyàn méjì sílẹ̀: opó, àti ẹnì kan láti ìdílé ọkọ tí gbogbo ilé fọkàn tán. Ẹ ó nílò onídùúró, àti àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó fi sílẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe: wọ́n á kọ ilẹ̀ àti mọ́tò, wọ́n á gbàgbé láti kọ àkántì báǹkì kejì, RSA, owó ìbánigbófò, owó àjọ ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ ibi iṣẹ́. Ohun tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn, ìwé náà kò lè gbà á jáde, ẹ ó sì tún padà lọ sanwó tuntun kí wọ́n tó fi kún un.

Orúkọ. Ẹ tẹ́ gbogbo ìwé náà sórí tábìlì kan lọ́jọ́ kan, kẹ́ ẹ kà wọ́n ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Orúkọ mùsùlùmí ń fara pa gan-an lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ ìwé: Abdulraheem ni ìwé ìgbanisíṣẹ́, Abdulrahim ni NIN, Abdul-Raheem ni àkántì báǹkì. Ojú yín á mọ̀ pé ẹnì kan náà ni, ẹ̀rọ PFA kò mọ̀. Wo ti opó náà: bóyá orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà lórí NIN, tí orúkọ ọkọ sì wà lórí ìwé báǹkì. Tí ìyàtọ̀ náà bá jẹ́ lẹ́tà kan tàbí méjì, ìwé ìbúra láti kóòtù tó sọ pé ẹnì kan náà ló ni orúkọ méjèèjì máa ń tó. Tí ó bá jẹ́ orúkọ odindi ló yàtọ̀, tàbí ọjọ́ ìbí, ẹ lọ tún un ṣe ní orísun rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé fáìlì lọ síbikíbi. Ìgbéyàwó yìgì tí kò ní ìwé, ẹ lọ bá ìmáàmù tó so ó kó kọ ọ́, kí àwọn ẹlẹ́rìí méjì sì búra. Àwọn ọmọ tí kò ní ìwé ìbí NPC, ẹ gbà á fún wọn báyìí, kí orúkọ bàbá wọn tó wà lórí rẹ̀ bá ti ìwé iṣẹ́ mu.

Káàdì ATM olóògbé ńkọ́? Ẹ má lò ó mọ́. Bí ibi iṣẹ́ kò bá tíì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, owó oṣù lè ṣì máa wọlé fún oṣù kan tàbí méjì. Gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò yọ padà nínú ohun tó tọ́ sí mọ̀lẹ́bí, ìgbà mìíràn ó sì máa ń dá gbogbo fáìlì dúró títí wọn yóò fi rí i dá padà.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀ sí tiyín, mo fẹ́ dárúkọ wọn díẹ̀, torí ní gúúsù Kwara, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan ló ń fi ẹ̀mí dí i. Ẹ rántí Ọ̀fà ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2018, tí àwọn adigunjalè pa ọlọ́pàá mẹ́sàn-án mọ́ àwọn aráàlú. Ẹ rántí Òkè-Òdè ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, níbi tí àwọn fijilanté àti ẹ̀ṣọ́ igbó ti ṣubú. Òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀, bíi panápaná Kwara, ètò ìfẹ̀yìntì àtijọ́ ni tirẹ̀. Níbẹ̀, kò sí RSA. Gratuity ni, ìyẹn owó ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n ń san fún iye ọdún tó fi ṣiṣẹ́, tó bá ti lo ọdún 5 ó kéré tán, àti pẹ́ńṣàn tí wọ́n máa san fún mọ̀lẹ́bí fún ọdún 5 bí ó bá ti lo ọdún 10. Ọ́fíìsì pẹ́ńṣàn ìpínlẹ̀ ni wọn yóò lọ, next of kin sì wúwo níbẹ̀ ju ti òkè yìí lọ, nítorí náà kí òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó bá gbéyàwó lọ tún fọ́ọ̀mù rẹ̀ kọ ní ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó náà. Òfin NSITF kan òun náà. Ṣọ́jà tó wà ní bárékè Sobi ní Ìlọrin kò sí lábẹ́ NSITF tàbí RSA. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó pẹ́ńṣàn ológun ní Àbújá ni ìyàwó rẹ̀ yóò bá lò, láti ọwọ́ ẹ̀ka tó wà.

Ti fijilanté àti ẹ̀ṣọ́ igbó ló ń dùn mí jù, torí wọ́n máa ń lé ìyàwó wọn padà pé ọkọ wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́. Òfin 2010 kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó pe ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ ní òṣìṣẹ́, ìbáà jẹ́ ní ìwé tàbí lẹ́nu, ìbáà jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì ka ìjọba ìbílẹ̀ mọ́ agbanisíṣẹ́. Nítorí náà, bí ìjọba bá ń san owó fún un lóṣooṣù, kí ìyàwó rẹ̀ kó ẹ̀rí owó yẹn jọ: àlẹ́ẹ̀tì báǹkì, káàdì ìdánimọ̀, lẹ́tà tí wọ́n fi pè é. Kó gbé e lọ sí NSITF kí ọdún kan tó pé. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé ìlú nìkan ló ń dá owó fún un, tí ìjọba kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀tọ́ yẹn ṣòro fún un láti gbà, ó sì yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú mọ èyí kí wọ́n tó rán ọmọ ọlọ́mọ wọgbó.

Bí ó bá ṣe pé wọ́n gbé òṣìṣẹ́ lọ tí wọn kò sì rí i mọ́, òfin 2014 ní kí wọ́n dúró ọdún kan láti ọjọ́ tí wọ́n kéde pé ó sọnù. Lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ kan yóò wádìí, bí wọ́n bá gbà pé ó ti kú, owó RSA àti ti ìbánigbófò yóò jáde bí ti ẹni tó kú. Ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀ ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀, torí náà kí mọ̀lẹ́bí má fi ìtìjú tàbí ìrètí dáwọ́ ìkéde yẹn dúró.

Ẹ má san owó fún ẹnikẹ́ni kí fáìlì lè rìn. Fọ́ọ̀mù NSITF kì í ṣe títà, PFA kì í gba owó kí wọ́n tó san ogún, òṣìṣẹ́ tó bá ní kí ẹ fi nǹkan sínú fáìlì ń ja opó lólè ni. Ibi tí owó yín tọ́ sí ni kóòtù, NPC àti ẹni tó ń ṣe ẹ̀dà, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì.

Bí PFA tàbí ibi iṣẹ́ bá ń fi òní dọ́la lórí RSA, ẹ kọ̀wé sí PenCom ní Ìlọrin. Bó bá jẹ́ pé adójútòfò ló ní fáìlì pé ṣùgbọ́n tí kò sanwó, NAICOM, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn adójútòfò, ni wọ́n ń fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Bí NSITF bá kọ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sí ìwé, kẹ́ ẹ sì pe ẹjọ́ sí ìgbìmọ̀ wọn ná. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́, National Industrial Court, ló kàn. Bí kò bá sí owó lọ́yà, ọ́fíìsì Public Complaints Commission ní Ìlọrin ń gba ẹ̀sùn lòdì sí ilé iṣẹ́ ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn yóò béèrè ẹ̀dà lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ ọjọ́ tí ẹ fi í sílẹ̀, nítorí náà kí ẹ̀gbọ́n yín tọ́jú rẹ̀ dáadáa.